YÍYẸ ARA WÒ NÍ ILÉ

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró títí ewé iṣu yóò fi gbẹ kí ó tó yẹ oko wò. Nígbà tí ewé ṣì tutù ni ó ti mọ bí ó ti yẹ kí ó rí. Nítorí náà, bí ó bá yí padà, kì í pẹ́ kí ó tó rí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ara ènìyàn. Ẹni tí kò mọ bí ara òun ti rí nígbà tí ó le, kò lè tètè mọ̀ nígbà tí àìsàn bá ń yọ́ wọlé. Aago tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó láti fi yẹ ohun mẹ́rin wọ̀nyí wò.

ÈKÍNNÍ: ÌLÙ ỌKÀN. Kí ènìyàn kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Kí ó fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ìhà àtàǹpàkò, níbi tí iṣan ti ń lù, kí ó sì kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan. Kí ó má ṣe fi àtàǹpàkò kà á, nítorí àtàǹpàkò ní ìlù tirẹ̀. Ti àgbàlagbà tí ó sinmi a máa wà láàárín 60 sí 100. Bí kò bá dọ́gba, tàbí tí ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láìnídìí, kí ó lọ rí dókítà.

ÈKEJÌ: ÈÉMÍ ỌMỌDÉ. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí òtútù àyà a máa tètè pa ọmọ. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, kí ìyá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ títí ẹkún yóò fi dá, kí ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí ó sì máa wo àyà àti ikùn rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá wú sókè, ẹyọ kan ni. Kí ó kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ewu wà bí iye náà bá tó báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ:

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2: 60.
Ọmọ oṣù 2 títí yóò fi pé ọdún 1: 50.
Ọmọ ọdún 1 títí yóò fi pé ọdún 5: 40.

Bí ìsàlẹ̀ àyà bá ń wọnú nígbà tí ọmọ ń mí sínú, tàbí tí kò lè mu ọmú, kí a má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

ÈKẸTA: OJÚ. Kí a rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Inú rẹ̀ yẹ kí ó pọ́n. Bí ó bá funfun, tí àtẹ́lẹwọ́ náà sì ṣì, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ibà àti aràn inú wà lára ohun tí ń fà á. Bí funfun ẹyinjú bá sì di àwọ̀ ìyeyè, kí a lọ yẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò.

ÈKẸRIN: ÌTỌ̀. Bí ìtọ̀ bá kéré tí ó sì pọ́n gan-an, omi kò tó lára. Ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, tí ó sì ń tọ ẹ̀jẹ̀, lè ní àtọ̀sí ajá; oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Bí èèrà bá ń ṣù bo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ ṣáá, kí ó lọ yẹ àtọ̀gbẹ wò. Ṣùgbọ́n àìsí èèrà kò fi hàn pé àtọ̀gbẹ kò sí.

OHUN TÍ OJÚ KÒ LÈ RÍ. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè máa kọ ebè, kí ó máa jẹun, kí ó máa rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan yóò rọ. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè fi í hàn. Bí ó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Ó dára kí baálé tàbí ìyáálé máa kọ iye wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù nínú ìwé yìí, nígbà tí ara gbogbo ilé bá dá. Yíyẹ ara wò kò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ènìyàn tètè lọ. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí.

ÌBÉÈRÈ
1. Èéṣe tí a kì í fi àtàǹpàkò ka ìlù ọkàn?
2. Èémí mélòó ní ìṣẹ́jú kan ni ó fi ewu hàn fún ọmọ oṣù 8?
3. Àrùn wo ni ojú kò lè rí láìsí ẹ̀rọ?