Ọ̀rọ̀ Ìbejì Igbó-Ọrà àti Bí Àwọn Olùwádìí Ṣe Ń Wá Ìmọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Níbi àpèjọ kan ní Èrúwà, a dìde sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Ìbàràpá, a sì fi ìdánilójú wí pé àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọbẹ̀ ìlasa ni ó ń mú kí àwọn obìnrin Igbó-Ọrà máa bí ìbejì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn àdúrà ìparí, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ wa kan, tí ó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, níbo lẹ ti kà á?" A kò rí èsì fọ̀. A bẹ̀ ẹ́ kí ó wá fi bí àwọn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ hàn wá, ohun tí a sì rí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí.

Orúkọ ìlú ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a máa kọ Igbo-Ora, àwọn mìíràn Igboora, àwọn mìíràn Igbo Ora. Bí a bá tẹ ọ̀kan ṣoṣo, ìwé tí wọ́n fi òmíràn kọ lè má yọjú, nítorí náà ó tẹ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè ìbéèrè gígùn bí àwa ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ pàtàkì méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń tẹ̀.

Àwọn ìwé ìròyìn ni ó kọ́kọ́ tú jáde, wọ́n pọ̀ jọjọ. Ohun kan náà ni wọ́n ń wí: ìlasa, àmàlà, ìwádìí tí wọ́n ní a ṣe láàárín 1972 sí 1982, ìbejì 45 sí 50 nínú ìbí 1,000. Inú wa dùn. A ní ẹlẹ́rìí ti pọ̀ tó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ẹnu kan ni." Nígbà tí ó tò wọ́n síra, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń dà kọ lára ara wọn, ọ̀pọ̀ kò sì sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run ni a ti kọ́ pé Lúùkù wádìí ohun gbogbo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kí ó tó kọ̀wé sí Tìófílù. A ti wàásù lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ó wá ṣí Google Scholar, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, níbi tí a ti ń wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Níbẹ̀ ni orúkọ P. P. S. Nylander ti jáde, oníṣègùn ìbímọ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1969 ni ó ti tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí bí ìbejì ṣe pọ̀ tó ní ìgbèríko Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ṣáájú 1972 tí àwọn ìwé ìròyìn ń dárúkọ. Láti ibẹ̀ ọ̀nà pín sí méjì. Àwọn ìwé tí òǹkọ̀wé tọ́ka sí ní ìparí iṣẹ́ rẹ̀ a máa mú ni padà sẹ́yìn; "Cited by" tí ó wà lábẹ́ àkọlé a sì kó àwọn tí ó lo iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ jọ, títí di òní. Fún àwọn mìíràn, àkópọ̀ nìkan ni a rí kà lọ́fẹ̀ẹ́. Dọ́là ni wọ́n ń béèrè fún ìyókù. Ọmọ náà kò san kọ́bọ̀. Ó kọ ímeèlì sí òǹkọ̀wé kan, ó sì lọ sí ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Ìbàdàn fún èyí tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbejì pọ̀ ní Igbó-Ọrà nítòótọ́, èyí tí ó ti inú ẹyin méjì wá ni ó sì pọ̀ jù. Ní ti ìlasa, nínú gbogbo ohun tí a kà, a kò rí èyí tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. (Ìyá tiwa náà sè é títí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń bí wa.)

Bí a ti fẹ́ pa kọ̀ǹpútà náà, ó fi ohun kan hàn wá tí ó ti ń ṣiyèméjì láti fi hàn. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Èrúwà ni. Àwọn tí ó pe àpèjọ náà ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ àti oyè wa, ẹnìkan sì ti tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. A ti kọ̀wé pé kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò. Títí a fi ń kọ èyí, ó ṣì wà níbẹ̀.