Ǹjẹ́ Ìgbàlà Wà fún Ẹni Tí Kò Sí Nínú Ìjọ?

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 10:1–48

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, bí a ti ń ṣe àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó yẹ kí a rántí àwọn tí wọ́n san owó ilé-ẹ̀kọ́ wa. Fún àwọn kan nínú wa, bàbá tí ń kí ìrun márààrún ni. Fún àwọn mìíràn, ìyá àgbà tí kò ṣe ìrìbọmi títí ó fi jáde láyé. Àwọn ni wọ́n fi wá sábẹ́ ẹ̀kọ́ Kristi, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò wọ inú Ìjọ. Kí ni Ìjọ Kátólíìkì ń kọ́ wa nípa ìgbàlà wọn?

Ní ọ̀rúndún kẹta, Cyprian Mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Àríwá Áfíríkà, kọ́ni pé kò sí ìgbàlà lóde Ìjọ. Àwọn tí ó yapa kúrò nínú Ìjọ ni ọ̀rọ̀ náà bá wí: wọ́n mọ ilé, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde. Nípa ẹni tí kò mọ Ìhìnrere, tí àìmọ̀ náà kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, Póòpù Pius Kẹsàn-án ṣàlàyé ní 1863 pé bí ó bá ń pa òfin tí Ọlọ́run kọ sí ọkàn ènìyàn mọ́, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run lè mú un dé ìyè àìnípẹ̀kun.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Àlùfáà kan, Leonard Feeney, ń kọ́ni pé ẹni tí kò bá wọ inú Ìjọ ní gbangba kò lè rí ìgbàlà. Ní 1949, Róòmù kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú náà pé ìtumọ̀ yìí kò tọ́. Ìfẹ́-ọkàn láti ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run lè so ènìyàn mọ́ Ìjọ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìgbàgbọ́ àti ìfẹ́ pípé bá wà nínú rẹ̀. Feeney kọ̀ láti jẹ́ ìpè Róòmù, a sì yọ ọ́ kúrò nínú ìdàpọ̀ Ìjọ ní 1953. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn ni ó wá bá ara rẹ̀ lóde. Ìjọ tún gbà á padà ní 1972.

Ní 1964, Ìgbìmọ̀ Fatikani Kejì fi ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀. Ó dárúkọ àwọn Júù, àwọn Mùsùlùmí tí ń sin Ọlọ́run kan ṣoṣo, àti àwọn tí ń wá Ọlọ́run tí wọn kò tíì mọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá fi òwe yìí sọ pé ẹ̀sìn gbogbo dọ́gba, ẹ̀kọ́ Ìjọ kọ́ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ Kristi nìkan ni ìgbàlà ti ń wá. Ìrìbọmi àti ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀nà tí ó dá wa lójú fún ìdáríjì, ṣùgbọ́n àwọn sákíráméǹtì kò de Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ wo Kọ̀nílíù: àdúrà àti ìtọrẹ àánú rẹ̀ ti dé iwájú Ọlọ́run kí Pétérù tó wọlé rẹ̀. Síbẹ̀, Ọlọ́run rán Pétérù sí i, ó sì ṣe ìrìbọmi.

Ìgbìmọ̀ kan náà kìlọ̀ fún àwa tí a wà nínú ilé. Ẹni tí ara rẹ̀ wà nínú Ìjọ, tí ìfẹ́ kò sí lọ́kàn rẹ̀, kò ní rí ìgbàlà. Nítorí náà, kí a tó béèrè bóyá ìyá àgbà yóò là, ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò.

A kò lè dá ẹjọ́ fún òkú wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù lórí wọn. Òfin Ìjọ, ní kánónì 901, fàyè gba àlùfáà láti rú ẹbọ Mísà fún ẹnikẹ́ni, alààyè tàbí òkú. Ní àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí a bẹ Mísà fún àwọn tí wọ́n rán wa ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè fún àṣàrò:
1. Kí ni ó fi jẹ́ pé Kọ̀nílíù ṣì nílò Pétérù?
2. Ta ni nínú ìdílé wa tí a kò tíì gbàdúrà fún nítorí pé kì í ṣe ọmọ Ìjọ?