Òfin Ojú-Ọjọ́ àti Ààrò Wa

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí òfin kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí Òfin Ìyípadà Ojú-Ọjọ́ ti Nàìjíríà. Òfin náà ń fẹ́ kí ó tó di àárín ọdún 2050 sí 2070, kí orílẹ̀-èdè wa má ṣe fi kún èéfín tí ó ń mú ayé gbóná mọ́. Ní ìpàdé Glasgow, Ààrẹ dárúkọ ọdún 2060. Òfin yìí kan náà ni ó pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó ọ̀ràn náà.

Kí ni ó kan àwa tí a ń dáná? Ó kàn wá gan-an. Èéfín tí a ń wí kì í ṣe ti ọkọ̀, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti gáàsì tí wọ́n ń sun dànù ní Niger Delta nìkan. Ti igi ìdáná wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń fẹ́ iná ni ó sì kọ́kọ́ ń pa lára: ojú á máa ṣomi, ikọ́ á dé, ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn náà ń fà á símú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá obìnrin lẹ́bi nítorí igi. Nígbà tí owó gáàsì gun òkè, ọ̀pọ̀ tí ó ti fi igi sílẹ̀ ni ó padà sí i. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá ní kí a pa ààrò tì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí owó sílíńdà yóò ti wá. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún aṣojú obìnrin nínú ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ jẹ́ alága rẹ̀. Àyè kan péré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dé.

Kí ìyẹn tó dé, ẹgbẹ́ lè dá èsúsú, kí ẹni tí ó bá kó o fi ra sílíńdà. (Gáàsì náà ń ti inú ilẹ̀ wá bí epo, kò mọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í rú èéfín bí igi.) Ẹni tí ó ṣì ń lo igi, kí ó sá a gbẹ dáadáa, kí ó sì dáná níta.

Ẹni tí ó bá ra sílíńdà, kí ó gbé e dúró lóòró, kí ó fi omi ọṣẹ pa rọ́bà rẹ̀ lára. Bí ó bá ń hó, gáàsì ń jò nìyẹn: ẹ tì í, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe ṣáná.