Ẹ Fi Wúrà Sílé: Fún Ará Ìpọ̀nrí Tó Ń Lọ Sódò Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin ará Ìpọ̀nrí tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ fún ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo lóṣù kẹjọ, wúrà ọrùn yín un, ẹ bọ́ ọ sílé. Ọ̀ṣun ò bá yín wá wúrà. Idẹ ni tirẹ̀: ẹ̀gbà ọwọ́, abẹ̀bẹ̀, agogo. Asúdẹ a fi ìda ya nǹkan, a fi amọ̀ bò ó, iná a yọ́ ìda dànù, idẹ gbígbóná a wá gba àyè rẹ̀.

Ọkọ̀ Òṣogbo wà ní Ọjọ́ta. Èmi fẹ́ràn rélùwéè Alágọmejì tó wà nítòsí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mọníyà n'Íbàdàn ló ń já èèyàn sí, tí ẹ ó tún wá mọ́tò wọ̀. Owó ọkọ̀ ńkọ́? Èyí tí mo kọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti ditàn.

Ọ̀dá omi ló lé Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, kúrò ní Ìpolé, bí wọ́n ṣe pa á nítàn fún wa. Wọ́n dé etí odò, wọ́n ń gégi, igi wó lu omi, ni ohùn kan bá ké lábẹ́ omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Aláró ni Ọ̀ṣun. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n rúbọ, wọ́n sì bá odò dá májẹ̀mú. Májẹ̀mú yẹn ni Atáója, ọba Òṣogbo, ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún, ẹ̀yin wá rò pé kánífà ni.

Bí Arugbá bá ń bọ̀, ẹ yà. Wúńdíá láti ìdílé ọba ni, ẹbọ gbogbo ìlú ló rù sórí, kò sì gbọdọ̀ kọsẹ̀. Kí lẹ wá ń na fóònù sí i lójú fún? Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, kó fọwọ́ yí orí ká, kó jù ú tẹ̀ lé e, kó máa wúre. Bí onílé ti ń ṣe nìyẹn. Mo tún un sọ: ẹ yà.

Oyin, obì tàbí adìẹ tí ẹ bá mú wá, Ìyá Ọ̀ṣun, ìyálórìṣà odò náà, ni kí ẹ fà á lé lọ́wọ́. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, ẹ ó sọ ohun tí ẹ ń fẹ́. Ẹ má jù ú sódò fúnra yín tòun tọ̀rá, bí ẹni ń da ilẹ̀ nù.

Ẹ rántí wúrà tí mo ní kí ẹ bọ́ sílé. Àwọn Muisca ti ilẹ̀ Kòlóńbíà fi í rúbọ nínú adágún Guatavita. Àwọn ará Sípéènì gbọ́, wọ́n ya etí adágún kí omi lè fà, kí wọ́n lè ṣa wúrà. Ọdún 1965 ni ìjọba ibẹ̀ tó fòfin de irú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba tiwa fi òfin dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun. UNESCO gbà á wọlé sára ogún àgbáyé ní 2005. Síbẹ̀ wúrà ò jẹ́ ká sinmi: àwọn tó ń wà á lápá Ìjẹ̀ṣà ti da omi Ọ̀ṣun rú di ẹrẹ̀. Ìjọba kìlọ̀ ní 2022 pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Ẹ má bu ú fọ́mọ.

Ẹ wo àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó di olórìṣà, ṣe sínú igbó náà. Ó kú ní 2009, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúró.

Ebi ńkọ́? Ọjà Ọba, tó dojú kọ ààfin. Iyán gbígbóná, ẹ̀fọ́ yánrin, ẹran ìgbẹ́ bí ẹ bá rí. Kí ẹ tó lọ sódò ni o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, torí yánrin kì í pẹ́ tán lọ́jọ́ ọdún.