Kí Rewáyà Tó Dárúkọ Bátìrì

Bí oníbàárà bá pe ọmọ rewáyà pé kó wá fi ínfátà sí ilé òun, iye owó ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kọ́kọ́ ń dá. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bíírò àti ìwé ni wọ́n fi ń wọlé. Wọ́n á ka gílóòbù, wọ́n á ka fáànù, wọ́n á yí ẹ̀yìn fíríìjì wò, wọ́n á sì bi ìyá ilé léèrè pé kí ni kò gbọdọ̀ kú lóru.

Wọ́n á tún béèrè báàǹdì, ìyẹn ìpele iná tí wọ́n fi àdúgbò náà sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC, àjọ tó ń mójú tó iná mànàmáná, ti gbé owó yúníìtì àwọn ará báàǹdì A láti náírà 68 sí 225, kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Báàǹdì A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, báàǹdì E fún wákàtí 4. Lórí ìwé nìyẹn o! Kí ọmọ iṣẹ́ bi aládùúgbò wò. Bátìrì tí yóò tó ilé báàǹdì A kò lè tó ilé báàǹdì E láéláé.

Ilé kan rèé: gílóòbù márùn-ún tó ń jẹ wáàtì mẹ́wàá mẹ́wàá, fáànù méjì tó ń jẹ 140, tẹlifíṣọ̀n 80, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì 30. Wáàtì 300 ni gbogbo rẹ̀. Bátìrì asíìdì kan, fóltì 12, 200Ah, ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ọlọgbọ́n ń lò, nítorí bátìrì asíìdì tí a bá ń fà gbẹ lóròòru kì í pẹ́ kú. Ínfátà fúnra rẹ̀ á sì jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní agogo méje alẹ́, ilé náà á ti ṣókùnkùn kó tó di mọ́kànlá. Ọmọ iṣẹ́ tó ti ṣèlérí "títí ilẹ̀ á fi mọ́", kó máa retí ìpè.

Lítíọ́ọ̀mù 5kWh á gbé ilé yìí di òwúrọ̀. Ó wọ́n, àmọ́ a lè lò ó dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá láì pa á lára.

Ìwọ̀n ni ẹlẹ́rìí lọ́jà. Bátìrì asíìdì 200Ah tòótọ́ wúwo tó nǹkan bí kílò 60. Èyí tí ọmọ kan bá dá gbé bí ẹni gbé páálí búrẹ́dì, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ta ló mọ iye ìgbà tí wọ́n ti fà á gbẹ lókè òkun!

Ní ti sólà, òrùlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Òjìji táǹkì omi tó bá bọ́ sórí páńẹ́ẹ̀lì kan lè fa àwọn tó so kọ́ ọ sẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, onílé gbọ́dọ̀ máa fọ eruku orí rẹ̀. Ní oṣù keje sí ìkẹjọ, oòrùn nìkan lè má mú kí bátìrì kún.

Jẹnẹrétọ̀ kò tíì di ohun àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan fò láti abẹ́ náírà 200 sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Pọ́ḿpù omi àti áyọ́ọ̀nù aránṣọ, òun ló yẹ wọ́n: kí wọ́n tàn án fún wákàtí kan, kó máa gbaná sí bátìrì lọ́wọ́ kan náà. Oníbàárà tó bá fẹ́ kí ínfátà kékeré gbé áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000, rárá ni èsì rẹ̀, ì báà máa bínú.

Àgbà kì í ṣàwàdà níbi méjì. Àkọ́kọ́ ni èéfín jẹnẹrétọ̀. Carbon monoxide inú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ti pa ìdílé mọ́jú ní Nàìjíríà. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà lọ́dẹ̀dẹ̀ tàbí nídìí fèrèsé. Ó kéré tán, kó jìnnà sí ilé ní mítà 6. Èkejì ni changeover, súìṣì tó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná orí òpó. Ẹni tó bá fi wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri láì yọ ti NEPA (orúkọ tó ti kúrò nínú ìwé ìjọba láti 2005, tí kò kúrò lẹ́nu wa), iná rẹ̀ lè padà sórí òpó níbi tí òṣìṣẹ́ kan wà.

Bí iṣẹ́ bá ti parí, kí ọmọ iṣẹ́ pa NEPA lójú oníbàárà, kó jókòó fún wákàtí kan, kó wo bóyá wáyà bátìrì ń gbóná. Wáàtì 1,000 lórí fóltì 12 ju ámpù 80 lọ. Wáyà gílóòbù kò lè gbé e. Lẹ́yìn náà, kó kọ ohun tí ínfátà lè gbé àti èyí tí kò lè gbé sórí páálí, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kó kọ ọ́ ní Yorùbá, torí ìyá àgbà ló máa ń wà nílé nígbà tí iná bá lọ.