Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ni Kí O Ti Bẹ̀rẹ̀

Houston, Texas,
Ọjọ́ 18, Oṣù Kejì, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

  

Ìyá rẹ pè mí láti Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé o fẹ́ yá owó ní báǹkì láti fi ra ọkọ̀ ojú omi, torí ìdíje ẹja pípa. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára gan-an. Mo jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, mo wá sọ fún un pé inú mi dùn sí ìdíje náà, ọkọ̀ yẹn nìkan ni n kò fọwọ́ sí. Ó ní kí n bá òun bá ọ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé tí a bá ní ká sọ ọ́ lórí fóònù, iṣẹ́ á ti pè ọ́ kí n tó dé ìdajì, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Fara balẹ̀ kà á.

Lọ díje. Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí o má baà rò pé mo fẹ́ dá ọ dúró. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Lóòótọ́, nílé wa, ọkùnrin ló ń da àwọ̀n sínú ọ̀sà, obìnrin ló ń dúró létí omi gba ẹja, tó ń yan án, tó ń gbé e lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹja ju àwọn ìyá yẹn lọ? Ìyá wa àgbà kàn máa ń wo ẹyinjú ẹja ni, á sì sọ fún ọ bóyá òwúrọ̀ ni wọ́n pa á tàbí àná. Níhìn-ín náà, ní 2009, Kim Bain-Moore, ọmọ Ọsirélíà tó wá ń gbé Alabama, di obìnrin àkọ́kọ́ tó díje nínú Bassmaster Classic, ìdíje ẹja bass tí gbogbo apẹja ilẹ̀ yìí ń lé. Ọ̀nà ti là.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé àwọn tó dá ìdíje yìí sílẹ̀ kì í ṣe ọlọ́lá. Ray Scott, ẹni tó ń ta ìwé ìbánigbófò ní Montgomery, ló pe àwọn apẹja jọ sí Beaver Lake ní Arkansas ní oṣù Kẹfà 1967. Àwọn 106 ló san 100 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọdún kejì ló dá ẹgbẹ́ B.A.S.S. sílẹ̀, nígbà tó sì di 1971, wọ́n ṣe Classic àkọ́kọ́ ní Lake Mead, Bobby Murray gba 10,000 dọ́là. Lónìí, owó ibẹ̀ ti pọ̀ débi pé ó ń da ojú àwọn ọ̀dọ́ rú. Wọ́n á rí ọkọ̀ tó ń dán, wọ́n á rí ẹ̀wù tí orúkọ ilé-iṣẹ́ kún bámúbámú, wọ́n á rò pé ohun tó ń pa ẹja nìyẹn.

Wo Bryan Kerchal. Ọmọ Connecticut ni, ó ń dáná ní ilé oúnjẹ, inú ẹgbẹ́ apẹja àdúgbò ló sì ti jáde wá. Kì í ṣe ẹni tó fi ẹja pípa ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ó gba ọ̀nà ẹgbẹ́ yẹn dé Classic ní 1993, ó sì gbẹ́yìn pátápátá. Kò bínú kúrò. Ó padà sínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tún jà á dé ibẹ̀ lọ́dún kejì, ní High Rock Lake ní North Carolina, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ àdúgbò kankan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ọdún 23 ni. Ó dùn mí láti kọ ìyókù: ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, bàálù já, ó sì kú nínú rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tí mo fẹ́ kí apẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ wò bí àwòkọ́ṣe jù ú lọ, nítorí ohun tó kọ́ láàárín ìgbà tó gbẹ́yìn àti ìgbà tó borí, kò sí báǹkì tó lè yá a lówó rẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Èyí tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ju 80,000 dọ́là lọ. Wàá ra ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò máa fà á. Wàá san ìbánigbófò, wàá wá ibi tí yóò máa sùn, wàá máa bu epo sí i. Nígbà tí o bá wá gbé e dé adágún Sam Rayburn, 114,500 éékà omi ló máa na ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ, ọkọ̀ náà kò sì ní sọ fún ọ ibi tí ẹja wà. Mo ti rí wọn, Àbẹ̀kẹ́: ọ̀dọ́ tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, tó ń sáré láti etí omi kan sí èkejì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ìwọ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nítorí náà, nígbà tí o bá ń forúkọ sílẹ̀, ipò co-angler ni kí o mú. O mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n á fa orúkọ, wọ́n á so ọ́ pọ̀ mọ́ ọlọ́kọ̀ kan tí o kò mọ̀ rí. Òun ló ń wakọ̀, òun ló ń yan ibi tí ẹ ó lọ, iwájú ni tirẹ̀, ẹ̀yìn ni tìrẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn bíi tìrẹ lo máa bá du ipò, kì í ṣe òun. Owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ kò ní tó tirẹ̀. Ọdún kan péré ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ kì í ra ṣọ́ọ̀bù kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ó ń jókòó ti ọ̀gá, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìwọ tiẹ̀ láǹfààní jù ú lọ, nítorí ọ̀gá tuntun lo máa bá jókòó ní gbogbo ìdíje.

Bí a ṣe ń jókòó sẹ́yìn wá ní ìwà tirẹ̀. Pe ọlọ́kọ̀ rẹ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bi í pé aago mélòó ni kí o pàdé rẹ̀, bi í pé ọ̀pá ìwọ̀ mélòó ló fẹ́ kí o gbé wá. Bó bá ní márùn-ún, mẹ́rin ni kí o mú dání. Báàgì kan ṣoṣo. Kó o tó wọkọ̀ láàárọ̀, fi owó epo lé e lọ́wọ́, má dúró kó béèrè. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní béèrè, wọn kò sì ní gbàgbé. Má ju ìwọ̀ kọjá iwájú rẹ̀ láé. Bí ẹja bá gbé tirẹ̀, gbé ọ̀pá rẹ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí o mú àwọ̀n, kí o bá a gbé e. Ibi tó bá sì mú ọ lọ, àṣírí rẹ̀ ni. Má yà á sí fóònù, má sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, má padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ẹni pé ìwọ lo wá a rí. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ara wọn káàkiri Texas, orúkọ ẹni sì ń yára rìn láàárín wọn.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé àjẹkù ni ẹ̀yìn ọkọ̀, pé ọlọ́kọ̀ á ti kó gbogbo ẹja tán kí omi tó kàn ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé bass kì í lé oúnjẹ káàkiri bí ẹja ọ̀sà wa. Ó ń ba sídìí kùkùté, sínú koríko inú omi, ó ń dúró de ohun tó bá kọjá. Ọlọ́kọ̀ fẹ́ wo ibi púpọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ìjẹ tó ń yára ló sábà máa ń jù. Ẹja tí ìyẹn bá kọjá lórí rẹ̀, tí kò mú un, kò kúrò níbẹ̀. Ìwọ mú ekòló onírọ́bà, má so òjé mọ́ ọn, fi ìwọ̀ gún un láàárín, jù ú sí ibi tí ọlọ́kọ̀ ti jù tẹ́lẹ̀, kí o sì jẹ́ kó máa rì fúnra rẹ̀. Ohun tó le jù nínú rẹ̀ ni láti má fọwọ́ kàn án. Okùn ni kí o máa wò. Bó bá ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tó dẹ̀ kó tó yẹ kó kan ilẹ̀, ẹja ti gbé e. Mo fẹ́ kí o lọ fi èyí dánra wò létí adágún kékeré ẹ̀yìn ilé rẹ títí ojú rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n, kí oṣù Kẹrin tó dé.

Ka ìwé òfin ìdíje náà tán, kí o tún un kà. Àwọn kan ń yọ pọ́ùn kan fún ìṣẹ́jú kan tí o bá fi pẹ́ dé. Ní ọ̀pọ̀ adágún Texas, bass ẹlẹ́nu ńlá (largemouth) tó bá dín ní ínṣì 14, kì í ṣe tìrẹ, márùn-ún sì ni òpin lóòjọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ sí Lake Fork, òfin tibẹ̀ yàtọ̀: èyí tó bá wà láàárín ínṣì 16 sí 24, omi ni kó padà sí lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù amúniléfòó ni n kò ní fi ṣeré pẹ̀lú rẹ. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn lè sáré ju 60 máìlì ní wákàtí kan. Kí ẹ́ńjìnnì tó dún ni kí o ti wọ̀ ọ́, kí o sì wò ó pé ọlọ́kọ̀ ti so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni láti 2021. Bó bá ní kò pọn dandan, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o kò ní lọ. Owó ìforúkọsílẹ̀ yẹn kò tó ẹ̀mí rẹ. Mo mọ̀ pé o mọ̀wẹ̀. Omi ìwẹ̀ ilé ìtura kọ́ lo máa já sí.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá rẹ béèrè lọ́wọ́ mi pé, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ máa ń pa ẹja tán, ẹ ó tún dá a padà sómi? Lójú ọmọ Ẹ̀pẹ́, ìyẹn nira láti gbà. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí o gbà á tọkàntọkàn, kì í ṣe torí òfin nìkan. Láti 1972 ni Ray Scott ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn apẹja pé kí wọ́n má pa ohun tí wọ́n mú, ìyẹn ló sì jẹ́ kí adágún tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣì lẹ́ja nínú. Ní oṣù Kọkànlá 1986, Mark Stevenson mú abo bass kan ní Lake Fork tó wọn pọ́ùn 17.67. Kò jẹ ẹ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú omi, wọ́n sọ ọ́ ní Ethel, ó sì wà láàyè títí di 1994. Láti ara rẹ̀ ni ètò ShareLunker ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìjọba Texas fi ń gba àwọn abo ńlá láti mú kí wọ́n yé, kí ọmọ wọn lè padà sínú àwọn adágún.

Ní oṣù Kẹrin tí o fẹ́ lọ yìí, àwọn abo ń wá sétí omi láti yé ẹyin, akọ ló sì ń ṣọ́ ìtẹ́. Fi omi tutù pa ọwọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ kan ẹja. Bó bá tóbi, fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀, má fi ẹnu nìkan gbé e kọ́. Nínú àpótí omi tí ẹ ń kó wọn sí, jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn síbẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá mú, gbé ìgò omi dídì bíi mélòó kan wá láti ilé, nítorí omi gbígbóná kì í di atẹ́gùn mú. Lọ́dọ̀ B.A.S.S., áúnsì mẹ́rin ni wọ́n ń yọ fún òkú ẹja kan. Mo ti rí ibi tí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ ti ya ẹni kìn-ín-ní kúrò lára ẹnì kejì.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ èrú, mo mọ ọmọ tí a bí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ọkùnrin méjì rọ òjé sínú ikùn ẹja walleye níbi ìdíje Lake Erie ní Cleveland. Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n lọ, ọkọ̀ wọn sì lọ. Ní Texas tiwa, bí ẹ̀bùn ìdíje bá tó 10,000 dọ́là, ọ̀daràn ńlá ni òfin ń pe ẹni tó bá ṣèrú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ wà lábẹ́ orúkọ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ́ fún ọ nínú ọkọ̀, lọ bá olùdarí ìdíje kí o tó wakọ̀ sílé.

Ó ṣeé ṣe kí o má mú ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ni kì í mú nǹkan nígbà àkọ́kọ́. Má torí ẹ̀ wọ mọ́tò kí o lọ. Dúró síbi òṣùwọ̀n, kí o gbọ́ ohun tí àwọn tó borí ń sọ: bí omi ṣe jìn tó níbi tí wọ́n dúró sí, irú koríko tó wà níbẹ̀, aago tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Takahiro Omori wá láti Japan ní 1992, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, inú mọ́tò ló ń sùn bó ṣe ń lọ láti ìdíje kan sí òmíràn. 2004 ló tó gba Classic. N kò sọ ìtàn rẹ̀ kí o lè fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ o. Mo sọ ọ́ torí àwa náà jẹ́ àlejò nílẹ̀ yìí, ó sì dára kí o mọ̀ pé ẹni tó wá láti òkèèrè ti ní sùúrù, ó sì ti kọ́ ọ.

Bí ọdún bá parí, tí ọkọ̀ ṣì ń wù ọ́, wá bá mi. A ó jọ wá àlòkù alumíníọ̀mù kékeré kan tí owó oṣù rẹ lè rà láìyá. Ní báyìí, pe báǹkì yẹn lọ́la, kí o sọ fún wọn pé o kò gba owó náà mọ́, lẹ́yìn náà kí o pe ìyá rẹ kó lè sùn. Ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́ta ni mo ti yọ sílẹ̀ fún ọ nínú gáréèjì, mo ti pààrọ̀ okùn wọn. Ọjọ́ Sátidé tí o kò bá lọ síṣẹ́ ni kí o wá. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀fọ́ rírò wà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.