Ìbọn Inú Àpótí Bàbá: Bí A Ṣe Ń Ka Àmì Ara Rẹ̀

Ká ní wọ́n ti ṣe ọjọ́ kẹjọ òkú bàbá tán. Ẹbí pé jọ sí iyàrá rẹ̀ ní àdúgbò Bè, nílùú Lomé, kí wọ́n lè pín ẹrù. Wọ́n ṣí àpótí onírin. Agbádá jáde, ìwé ilẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni ìdì kékeré kan jáde, aṣọ ni wọ́n fi wé e, ó sì wúwo. Wọ́n tú u. Ìbọn ìléwọ́ ni.

Àbúrò olóògbé ní, "Kámínà ni bàbá wa àgbà ti rí i, lọ́wọ́ àwọn Jámánì, lọ́dún 1914."

Ọmọ olóògbé, tó jẹ́ obìnrin, bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kékeré, ṣé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn."

Ẹnì kan kọ nǹkan sílẹ̀ o. Àwọn tó rọ ìbọn náà kọ ọ́ sí ara irin rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ lẹ́tà àti nọ́ńbà, bí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, lè kà á.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ fi ìbọn náà sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má gbé e wò, ẹ má fà á, ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìbọn tí gbogbo ilé gbà pé ó ṣófo ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ra fún un. Ọta tó ti pẹ́ láti ayé bàbá àgbà ṣì lè bú. Ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ ti iyàrá náà pa, kí ẹnì kan sì lọ bá ọlọ́pàá tàbí jándáámù láìmú ìbọn dání. Kí ó fi ẹnu ṣàlàyé, kí ó ní kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tú ọta inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tì í bọ àpò kí ẹ gun sémíjàn lọ bá wọn. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ lójú pópó máa ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ti tú u tán, ẹ lè wá wò ó níṣojú rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ kan wà tó ń kó ọta sínú ìdí ọwọ́ rẹ̀. Òmíràn ní àgbá kékeré kan láàárín, tó ní ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà, tó sì ń yí bí a bá ti ń yìn ín. Èyí tó ń yí yìí ni à ń sọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìbọn oníyípo.

Bí ó ṣe ń ṣí ló kọ́kọ́ ń sọ ìlú tó ti wá. Webley ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣẹ́ lọ́rùn bí ẹni tó tẹríba, á sì ti gbogbo èèpo ọta jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ti àwọn Faransé, èyí tí wọ́n ń pè ní Modèle 1892, àgbá rẹ̀ máa ń yọ sí apá ọ̀tún. Ti àwọn ọmọ ogun Jámánì, irú ti ọdún 1879 àti ti 1883, kì í ṣẹ́, àgbá rẹ̀ kì í sì í yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀kùn kékeré kan ló wà lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni ọta ń gbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá lọ́tọ̀ ni wọ́n sì fi ń ti èèpo rẹ̀ jáde. Ó tún ní ìdènà kékeré kan lápá òsì tí kì í jẹ́ kí ó yìn, ohun tó ṣọ̀wọ́n lára ìbọn oníyípo. Bí òrùka bá wà ní ìsàlẹ̀ ọwọ́ ìbọn, okùn ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Ìbọn ọmọ ogun tàbí ọlọ́pàá ló sábà máa ń ní in.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá lẹ́tà. Bí ó bá ṣòro láti rí, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi pẹ́ńsù ra bébà náà, lẹ́tà á yọ. Ẹ má fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ẹ má fi òkúta lọ̀ ọ́. Ní ilé mìíràn, ojúbọ Ògún ni ìbọn ti ń gbé, epo pupa ti bò ó láti ọdún pípẹ́. Aṣọ rírọ̀ àti òróró díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, pẹ̀lú sùúrù, nítorí lẹ́tà tó bá ti pa rẹ́ kò ní padà wá.

Bí ẹ bá rí Saint-Étienne, Faransé ni. Bí ẹ bá rí Erfurt tàbí Suhl, Jámánì ni. Bí ẹ bá rí ELG nínú àmì roboto bí ẹyin, ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti dán an wò. Ẹ ṣọ́ra fún ti Liège, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ máa ń rọ ìbọn ní àwòkọ ti àwọn ẹlòmíràn. Ìrísí lè jọ ti Gẹ̀ẹ́sì kí àmì sì sọ pé Bẹ́ljíọ̀mù. Àmì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ọdún tún lè ṣini lọ́nà. Bí ẹ bá ka "Mle 1892" lórí ìbọn Faransé, ọdún tí wọ́n gba irú rẹ̀ wọlé ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ tiyín. Ẹ wo apá ọ̀tún ọ̀pá ìbọn náà, èyí tí ọta ń gbà jáde. Bí ẹ bá rí "S 1904" níbẹ̀, 1904 ni wọ́n rọ ọ́, lẹ́tà S sì dúró fún Saint-Étienne.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Bàbá Kékeré. Òtítọ́ ni pé ogun dé Kámínà, lẹ́bàá Atakpamé, nílẹ̀ àwọn Ifẹ̀ tó bá wa tan. Àwọn Jámánì kọ́ ilé rédíò ńlá kan síbẹ̀, èyí tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì wọlé láti Gold Coast, tí Faransé wọlé láti Dahomey, àwọn Jámánì fi Lomé sílẹ̀, wọ́n sá lọ sókè. Wọ́n fọwọ́ ara wọn ba rédíò náà jẹ́, wọ́n sì túúbá ní ọjọ́ 26, Oṣù Kẹjọ 1914. Bí ìbọn inú àpótí bá jẹ́ irú ti 1879 tàbí 1883, ìtàn ẹbí lè rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "Webley Mark VI" sí i ńkọ́? Ọdún 1915 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba irú yẹn wọlé. Kò lè sí ní Kámínà. Bàbá àgbà lè ti wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ìbọn yìí ti dé ọwọ́ rẹ̀, ìtàn méjì ló sì ti wọ ara wọn lẹ́nu àwọn ọmọ.

Ó yẹ kí ẹ tún béèrè iṣẹ́ tí bàbá àgbà ṣe. Lọ́dún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn ní Brussels láti dí ọ̀nà ìbọn ìgbàlódé sí Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé dé ìlà 22 ní gúúsù rẹ̀. Tógò wà láàárín rẹ̀. Ṣakabùlà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ wa. Nítorí náà, ìbọn oníyípo láyé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń rà lọ́jà. Ọmọ ogun, ọlọ́pàá àti àwọn òyìnbó ìjọba ló sábà ń mú un dání. Ẹ wá ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wá àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́.

Nọ́ńbà ló kù. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá rí, àti ibi tí ẹ ti rí i. Bí nọ́ńbà ara àgbá bá yàtọ̀ sí ti ara ìbọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà kan. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ yìí kan náà ni àwọn aláṣẹ máa béèrè. Àdéhùn tí àjọ ECOWAS, tí àwọn ará Lomé ń pè ní CEDEAO, fọwọ́ sí ní Àbújá lọ́dún 2006 dárúkọ ìbọn oníyípo, ó sì ní kí nọ́ńbà, orúkọ ilé iṣẹ́, orílẹ̀-èdè àti ọdún wà lára ìbọn. Jíjogún ìbọn kì í ṣe ìwé àṣẹ. Bí bàbá bá tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Àwọn aláṣẹ lè gba ìbọn náà lọ. Nítorí náà, kí ó tó kúrò nílé, ẹ ya àwòrán rẹ̀ níhà méjèèjì, ẹ kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí Bàbá Kékeré sọ ìtàn rẹ̀ kí ọmọ kan kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí irú ìdì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpótí ilé yín, ẹ ti iyàrá náà pa lónìí, kí ẹ sì rán ẹnì kan lọ bá ọlọ́pàá.